Ilẹ̀kùn Wo Ló Ṣí? Ìtàn Eré ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, àti Ohun tí Ó Kọ́ Wa nípa Ojú Òpó Ayélujára Ẹgbẹ́ Òṣèré

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bá ẹgbẹ́ onílù, ẹgbẹ́ oníjó tàbí ẹgbẹ́ eléré tíátà ṣe ojú òpó ayélujára, yálà fún iṣẹ́ kíláàsì tàbí fún àwọn ẹbí yín tí ó ní ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: àwọ̀ wo ló dára? Fọ́tò mélòó ni ká fi síwájú? Ìbéèrè wọ̀nyẹn kò burú, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ẹni tó fẹ́ wá wòran, kí ló fẹ́ mọ̀ kó tó kúrò nílé?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìtàn ni mo fẹ́ fi dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Ìlú méjì tí mo mú ni Jẹ́dà àti Mẹ́kà, ní orílẹ̀-èdè Sáúdí Arébíà. Ẹ lè ní, "Kí ló kan Mẹ́kà kan tíátà?" Òótọ́ ni pé ìlú Hájì ni Yorùbá mọ̀ wọ́n sí. Jẹ́dà ni ọkọ̀ òfurufú máa ń balẹ̀ sí, Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ. Torí bẹ́ẹ̀, a kì í sábà rò ó pé àwọn ará ibẹ̀ náà ní ìlù, ijó, orin àti eré. Wọ́n ní in. Ohun tó sì mú kí ìtàn wọn wúlò fún wa ni pé níbẹ̀, ilẹ̀kùn eré ti ṣí, ó ti tì, ó sì tún ti ṣí, lójú àwọn tó ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá wo ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ojú òpó ẹgbẹ́ òṣèré ní ni láti sọ òtítọ́ fún òǹwòran nípa ilẹ̀kùn: ṣé ó ṣí, ọjọ́ wo ló ṣí, ta ni ó ṣí fún, ibo la sì ń gbà wọlé. Tí ojú òpó bá sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kódà kó má fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, ó ti ṣiṣẹ́. Tí kò bá sọ wọ́n, ẹwà rẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìlù ló ń pe èrò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ẹkùn Hijaz, níbi tí Jẹ́dà àti Mẹ́kà wà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní mizmar. Ní 2016, UNESCO fi orúkọ eré yìí sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun gígùn yóò tò sí ìlà méjì, wọn yóò kọjú sí ara wọn. Wọ́n lè jẹ́ 15, wọ́n sì lè tó 100. Ẹnì kan yóò lé orin, àwọn yòókù yóò gbè é, wọn yóò máa pàtẹ́wọ́. Ẹni méjì yóò bọ́ sáàárín, wọn yóò máa jó, wọn yóò máa fi ọ̀pá ọwọ́ wọn dárà, títí àwọn ẹlòmíràn yóò fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ibi ìgbéyàwó àti ibi àjọ̀dún ni ẹ ó ti rí i.

Ta ló ń pe òǹwòran wá? Ìlù ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù ní àdúgbò mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun dé ibẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ sókè yẹn, ìlù ti dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí nílẹ̀ Yorùbá láyé aláàrìnjò. Kí eégún aláré tó bẹ̀rẹ̀ ìdán, ìlù á ti yí ìlú ká, ọmọdé á ti tẹ̀ lé e, àgbà á ti yọjú lójú fèrèsé.

Àpẹẹrẹ míì wà nínú oṣù ààwẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Lárúbáwá, tó fi mọ́ Hijaz, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní musaharati. Òun ló máa ń lu ìlù kiri àdúgbò lóru kí àwọn aláàwẹ̀ lè jí jẹ sààrì, ó sì máa ń pe àwọn baálé ilé lórúkọ. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn oníwéré ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Láti inú wéré ni fújì ti jáde, èyí tí Síkírù Àyìndé Barrister (1948–2010) sọ di orin ńlá. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ẹni tó ń pe baálé ilé lórúkọ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ojú òpó ayélujára kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ àdúgbò lè ṣí i, àlejò láti òkè òkun náà lè ṣí i. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Nítorí náà, ohun tí ọmọ àdúgbò mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ojú òpó gbọ́dọ̀ là á sílẹ̀ fún àlejò.

Nígbà tí tíátà alárìnká dé nílẹ̀ wa, èyí tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1944, ìwé ìpolówó ara ògiri àti ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn ló gba ipò ìlù. Ọkọ̀ yóò yí ìlú ká lọ́sàn-án: eré báyìí ni, gbọ̀ngàn báyìí ni, aago báyìí, owó báyìí. Ó parí. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọkọ̀ onígbohùngbohùn yẹn ni bàbá ojú òpó ayélujára fún ẹgbẹ́ òṣèré. Kò ní àyè fún ọ̀rọ̀ àsọdùn, torí pé ọkọ̀ ń lọ, ẹni tó ń gbọ́ sì ń ta ọjà rẹ̀ lọ́wọ́.

Gbọ̀ngàn tí kò rí òǹwòran

Ní Mẹ́kà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ahmad al-Sibai (1905–1984). Òǹkọ̀wé ni, oníwèé ìròyìn sì ni. Òun ló kọ Tarikh Makkah, ìwé ìtàn ìlú Mẹ́kà tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí. Ní nǹkan bí 1960 sí 1961, ó dá tíátà kan sílẹ̀ ní Mẹ́kà, ó sọ ọ́ ní Dar Quraysh. Kì í ṣe eré tó lòdì sí ẹ̀sìn ló fẹ́ gbé jáde. Ìtàn ẹ̀sìn gan-an ni. Eré tí wọ́n fẹ́ fi ṣí gbọ̀ngàn náà dá lórí bí Ànábì Muhammad ṣe gba ìlú Mẹ́kà ní 630. Ibi ìṣeré ti wà, àwọn òṣèré ti ń ṣe ìdánrawò. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà pé eré ṣíṣe kò bá ẹ̀sìn mu tako ètò náà, wọ́n sì dá a dúró kí ó tó ṣí. Kò sí òǹwòran kan ṣoṣo tó jókòó wo eré náà.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin tó mọ ìtàn ìlú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ fẹ́ fi ìtàn ìlú náà han àwọn ọmọ ìlú, lórí ìtàgé, nínú ìlú náà fúnra rẹ̀. Ohun gbogbo wà àfi òǹwòran. Tíátà tí kò rí òǹwòran, ìdánrawò lásán ló ṣì jẹ́.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ Lárúbáwá nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1964, lẹ́yìn tí Ògúndé ṣe eré rẹ̀ Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Ìjọba ológun ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn ní 1966. Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tó fẹ́ wo Ògúndé ní láti mọ ibi tí òfin kò dé, kó sì wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan tì, òmíràn ṣí, òǹwòran ló sì ń wá bó ṣe máa mọ èwo ni èwo.

Ní Sáúdí, nígbà tí kò sí gbọ̀ngàn, afẹ́fẹ́ ló gbé orin. Rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́dà ní 1949, tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé e ní 1965. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Talal Maddah, tí wọ́n bí ní Mẹ́kà ní 1940, di olórin tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kankan kó tó gbọ́ ọ. Orí ìtàgé ló kú sí, ní ìlú Abha ní August 2000, bó ṣe ń kọrin lọ́wọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tún ti ilẹ̀kùn pa. Ní 20 November 1979, àwọn ọkùnrin tó dìhámọ́ra gba Mọ́sálásí Àgbà ní Mẹ́kà. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ìjọba tó gbà á padà, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba fi ọ̀pọ̀ agbára lé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tó le lọ́wọ́ nípa bí àwùjọ yóò ṣe máa rí. Àwọn ilé sinimá di títì, ó sì tó ọdún 35 kí wọ́n tó tún ṣí.

Àwọn kan gbìyànjú láàárín ìgbà yẹn. Ní 2006, àjọ̀dún fíìmù bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́dà. Ní July 2009, nígbà tí gbogbo ètò ti parí, àṣẹ dé láti òkè pé kí wọ́n fagi lé e. Ọjọ́ kan péré ló kù kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé ìjọba ti ṣí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ará ìlú Sáúdí láti January 1999. Kì í tún ṣe ayé al-Sibai mọ́, nígbà tí ìròyìn ń tẹnu dé etí. Ní 2009, ẹni tó ti ra aṣọ, tó ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ojú òpó ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lórí ojú òpó ẹgbẹ́ òṣèré lè jẹ́ "Kò ní wáyé mọ́." Ó gbọ́dọ̀ ní ààyè tirẹ̀, lókè pátápátá, kì í ṣe nísàlẹ̀ ojú ewé kẹta.

Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì ṣí kíákíá

Ní April 2016, ìjọba Sáúdí kéde ètò tí wọ́n pè ní Vision 2030, kí orílẹ̀-èdè náà má baà gbára lé epo rọ̀bì nìkan. Ní May ọdún kan náà, wọ́n dá àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá àti fàájì sílẹ̀. Láti ibẹ̀, nǹkan yára. Ní January 2017, Mohammed Abdu kọrin ní Jẹ́dà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún 7, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló wọlé. Ní 12 January 2018, àwọn obìnrin wọ pápá ìṣeré Jẹ́dà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti wo bọ́ọ̀lù. Ní April 2018, ilé sinimá ṣí ní Riyadh, ti Jẹ́dà tẹ̀ lé e ní January 2019. Ní 2018, àṣà ní iléeṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Ní 2020, iléeṣẹ́ náà dá àjọ kan sílẹ̀ fún tíátà àti eré orí ìtàgé, ó dá òmíràn sílẹ̀ fún orin.

Ní July 2019, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin ńlá kan ní Jẹ́dà tí wọ́n pe àwọn olórin Amẹ́ríkà sí. Wọ́n kéde pé físà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa wà fún àlejò tó bá fẹ́ wá. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ojú òpó tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti di ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè. Ní September ọdún yẹn, físà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti orílẹ̀-èdè 49 náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí n má ṣe ẹ̀tanú, ìtàn yìí ní apá kejì. Ní 2018 kan náà, wọ́n kó àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin sí àtìmọ́lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sọ pé aṣọ tí ìjọba fi ń bo ojú rẹ̀ ni gbogbo eré wọ̀nyí. Nicki Minaj tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìpolówó àjọ̀dún July 2019 yẹn ní òun kò wá mọ́, ó ní òun fara mọ́ ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ẹ̀tọ́ àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin-sí-ọkùnrin àti obìnrin-sí-obìnrin, àti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ohunkóhun tí ẹ bá rò nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ òǹwòran: tíkẹ́ẹ̀tì tó ti rà kì í ṣe ti eré tí wọ́n polówó fún un mọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bákan náà, àjọ̀dún fíìmù Òkun Pupa tó yẹ kó kọ́kọ́ wáyé ní Jẹ́dà ní March 2020 sún síwájú nítorí àrùn kòrónà. December 2021 ló tó wáyé, ní Al-Balad, Jẹ́dà àtijọ́, tí ilé olókè rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta iyùn kọ́ ti wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO láti 2014. Ọdún 60 ti kọjá lẹ́yìn Dar Quraysh, ọdún 12 lẹ́yìn 2009.

Ohun mẹ́ta tí ojú òpó gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìtàn yìí wá sórí kọ̀ǹpútà. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Títí di October 2016, òǹkà Hijira ni ìjọba Sáúdí fi ń san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n bọ́ sí òǹkà tí àwa náà ń lò. Títí di June 2013, Alàmísì àti Jímọ̀ ni ìsinmi ìparí ọ̀sẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà ó di Jímọ̀ àti Sátidé. Ojú òpó tó bá kọ "ìparí ọ̀sẹ̀" láìdárúkọ ọjọ́ ti da àlejò rú. Èyí tó kọ ọjọ́ ní òǹkà kan ṣoṣo ti fi ẹnì kan sílẹ̀ níta. Aago náà ńkọ́? Tí eré bá ní àsìkò ìrun láàárín, ẹ sọ ọ́. Tiwa náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọjọ́ ọjà mẹ́rin ni Yorùbá ní, ṣùgbọ́n ọrún là ń pè é, torí pé a ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé "ọrún òní" tó lọ fi ọjọ́ márùn-ún kún òní yóò dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́, ẹ kọ ọjọ́ oṣù, ẹ kọ ọdún.

Èkejì ni ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún, àti ibi tó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Sáúdí, ẹnu ọ̀nà àwọn ọkùnrin yàtọ̀ sí ti àwọn ìdílé. December 2019 ni ìjọba tó sọ pé kò pọn dandan mọ́ fún ilé oúnjẹ. Bàbá tó kó ìyàwó àti ọmọ wá síbi tí ọkùnrin nìkan ń wọ̀, ìtìjú ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe ìnáwó nìkan. Ọ̀rọ̀ ibùdó tún wà. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ ìlú Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n Jẹ́dà, tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀, wà nínú ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Makkah. Tí ojú òpó bá kọ "Makkah" sí abẹ́ eré tó wà ní Jẹ́dà, òótọ́ ló kọ, síbẹ̀ ó ti lé àlejò kan padà láìmọ̀. Òótọ́ nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń kà á.

Ẹ̀kẹta ni èdè àti ìkọ̀wé. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ èdè Lárúbáwá. Ìparí 1997 ni HTML 4.0, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ojú òpó, tó fi ààyè sílẹ̀ fún un dáadáa. May 2010 ni orúkọ ojú òpó tó parí sí lẹ́tà Lárúbáwá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, Sáúdí sì wà lára àwọn tó ṣáájú. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìyá àgbà kan ní Mẹ́kà tí kò mọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò lè tẹ àdírẹ́sì ojú òpó kankan parí fúnra rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ìrora yìí. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n tí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, ohun méjì ni kọ̀ǹpútà kà á sí, lẹ́tà àti àmì. Fọ́ǹtì tí kò gbọ́n á gbé àpótí kékeré síbẹ̀. Torí náà, ẹ yẹ fọ́ǹtì yín wò kí ẹ tó gbé orúkọ eré jáde.

Ìṣàwárí náà wà níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn òǹwòran yín ló máa tẹ "Ọba Kò So" pẹ̀lú àmì? "Oba ko so" ni wọ́n máa tẹ̀. Jeddah, Jiddah, Jedda, ìlú kan náà ni. Mecca, Makkah, Mẹ́kà, Mọ́kà, ìlú kan náà ni. Ojú òpó tó bá ní kí òǹwòran kọ́kọ́ yege ìdánwò àkọtọ́ ti gbàgbé ohun tó wà fún. Ẹ kọ ọ́ dáadáa lójú ewé, ṣùgbọ́n ẹ gba gbogbo ìkọ̀wé láyè nínú àpótí ìṣàwárí.

Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn tí ojú wọn kò ríran kún un. Ní 2000, ọkùnrin afọ́jú kan ní Australia pe ìgbìmọ̀ ìdíje Òlíḿpíìkì Sydney lẹ́jọ́ pé òun kò lè lo ojú òpó wọn, ó sì jàre. Tí gbogbo ìròyìn eré yín bá wà nínú fọ́tò ìpolówó kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò ní rí nǹkan kà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré ló fi Flash ṣe ojú òpó wọn, aṣọ ìkélé á máa ṣí, orin á máa lọ, kí èèyàn tó rí ọjọ́ eré. Flash parí iṣẹ́ ní ìparí 2020. Àwọn ojú òpó tí wọ́n fi í ṣe kò ṣí mọ́, bí wọ́n ṣe lẹ́wà tó.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà Hájì

Àwọn òbí yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Hájì kì í ṣe eré, mi ò fi wọ́n wéra. Ṣùgbọ́n ojú òpó tó ń kó èrò lọ sí ibì kan lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó ń kó èrò jọ. Ní June 2022, bí oṣù kan sí Hájì, Sáúdí kéde pé àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Australia kò ní gba ọwọ́ àwọn aṣojú ìrìn-àjò mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lórí ojú òpó kan tó ń jẹ́ Motawif, kọ̀ǹpútà á sì ṣẹ́ kèké mú àwọn tó máa lọ. Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Owó àwọn kan kò wọlé. Àwọn kan gbọ́ pé wọ́n ti mú wọn, wọn kò rí tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó jókòó sídìí fóònù, kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Ní September 2022, ojú òpó mìíràn tó ń jẹ́ Nusuk dé, ó sì gba iṣẹ́ náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Aṣojú ìrìn-àjò tí wọ́n yọ kúrò yẹn, òun ni musaharati wọn. Ó mọ ìyá àgbà lórúkọ, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó mọ ọmọ tó máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí ojú òpó bá gba ipò ènìyàn, gbogbo ìbéèrè tí ènìyàn yẹn ń dáhùn láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti di gbèsè lọ́rùn ojú òpó. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń bi í sílẹ̀. Ìwé yẹn ni ojú òpó yín.

Ìkádìí

Mo fi iṣẹ́ méjì sílẹ̀ fún yín. Ti àkọ́kọ́: Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń lo ojú òpó, kọ ọ́ ní 2000 pé tí ènìyàn márùn-ún bá dán ojú òpó wò, wọn á fi èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe rẹ̀ hàn wá. Ẹ mú ojú òpó gbọ̀ngàn kan nílé, bíi ti MUSON ní Oníkan tó ṣí ní 1995, tàbí ti Terra Kulture tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tàbí èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ gbé fóònù fún àgbàlagbà kan. Ẹ ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá eré tó ń bọ̀, ọjọ́ tó bọ́ sí, iye owó rẹ̀ àti ibi tí à ń gbà wọlé." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ má nawọ́ sí fóònù. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún ènìyàn márùn-ún.

Ti èkejì: ẹ má pa eré àná rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n gba orin àti ohùn àwọn ará Hijaz sílẹ̀ ní Jẹ́dà sórí ìda. Christiaan Snouck Hurgronje, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands tó gbé ní Mẹ́kà ní 1885, ló kó wọn jọ, Leiden ni wọ́n sì wà. Ìdí tí a fi lè gbọ́ wọn ni pé ẹnì kan tọ́jú wọn. Ti Dar Quraysh kò rí bẹ́ẹ̀, ìdánrawò rẹ̀ kò fi ohùn sílẹ̀. Nígbà tí eré yín bá parí, ẹ fi ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ eré, orúkọ àwọn onílù, gbọ̀ngàn, ọjọ́ àti ọdún. Tí wọ́n bá sì fagi lé e, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó máa kọ ìtàn yín lẹ́yìn ọ̀la á wá a débẹ̀.